Ta Ni Kó Ṣe Olórí Nígbà Tí Ọ̀tá Ti Wọlé?

 

Ìwé tí mo gbé wá lónìí wà lára irú èyí tí òbí máa ń gbà lọ́wọ́ ọmọ, tí yóò ní kó lọ ka ìwé gidi. Kọ́míìkì ni, ìwé eré aláwòrán. Orúkọ rẹ̀ ni Secret Invasion. Ilé iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní apá 8 lọ́dún 2008. Brian Michael Bendis ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Leinil Francis Yu, ọmọ ilẹ̀ Philippines, ló sì ya àwòrán rẹ̀. Mo gbé e wá nítorí pé ó bi wá ní ìbéèrè kan tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an: bí ọ̀tá bá ti wọ ìlú, ta ni àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé, kí ló sì dé tó fi jẹ́ òun ni wọ́n tẹ̀ lé?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ìtàn yìí. Marvel máa ń tẹ ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jáde lóṣooṣù, akọni kọ̀ọ̀kan tàbí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Nígbà mìíràn, wọn a mú ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá kan, wọn a jẹ́ kí ó ṣàn wọ inú ìwé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá 8 yìí ni òpó ilé, ṣùgbọ́n ogun náà dé inú ìwé Black Panther, ó dé inú ìwé Captain Britain, ó tún dé inú ìwé Hercules, níbi tí àwọn òrìṣà ayé ti gbéra lọ bá òrìṣà àwọn ọ̀tá jà. Ohun tó mú kó wúlò fún wa nìyẹn. Ogun kan náà ni, olórí ló pọ̀, a sì lè fi ìwà ọ̀kan wé ti èkejì.

Àwọn ọ̀tá ọ̀hún ń jẹ́ Skrull. Ẹ̀dá aláwọ̀ ewé ni wọ́n, láti inú ayé mìíràn, etí wọn ṣe ṣóńṣó, àgbọ̀n wọn sì hunjọ. Wọ́n lè gbé àwọ̀ ẹnikẹ́ni wọ̀. Stan Lee àti Jack Kirby ló dá wọn sílẹ̀ nínú Fantastic Four ìkejì, ti ọdún 1962. Nígbà yẹn, Reed Richards, olórí ẹgbẹ́ akọni tó ń jẹ́ Fantastic Four, ní kí àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ nínú wọn sọ ara wọn di màlúù, ó sì mú wọn gbàgbé pé àwọn ti jẹ́ nǹkan mìíràn rí, wọ́n wá ń jẹ koríko kiri pápá. Ọmọdé á ka ìyẹn, á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di 2008, kò sí ẹ̀rín mọ́. Ayé tí àwọn Skrull ń gbé ti pa run, wọ́n ti di aláìnílé, ọbabìnrin wọn tó ń jẹ́ Veranke sì gbà pé àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀sìn wọn ti fi ayé wa jogún fún wọn. Wọ́n tún ti wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa gbé àwọ̀ wọ̀ tí ẹ̀rọ kò ní rí wọn, tí oògùn kò ní mú wọn, tí ẹni tó ń ka ọkàn ènìyàn pàápàá kò ní mọ̀ pé àlejò ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fíìmù Captain Marvel ti 2019, tàbí eré tẹlifíṣọ̀n ti 2023 tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ìwé yìí, ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ti inú ìwé yàtọ̀.

Àwọn àgbà wa ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Níbo ni àwọn Skrull ti rí àṣírí tí wọ́n fi wọlé? Ọ̀dọ̀ àwọn olórí akọni fúnra wọn ni. Marvel sọ ìtàn yìí nínú ìwé tó ń jẹ́ New Avengers: Illuminati, ti 2006 àti 2007. Ọkùnrin mẹ́fà kóra jọ ní bòókẹ́lẹ́: Tony Stark tí í ṣe Iron Man, Reed Richards, Charles Xavier, Doctor Strange, Namor, àti Black Bolt. Wọ́n ní àwọn ni yóò máa pinnu fún gbogbo akọni yòókù, láìsọ fún wọn. Ààfin Wakanda ni wọ́n ti ṣèpàdé náà. T'Challa, ọba Wakanda tí í ṣe Black Panther, ló gbà wọ́n lálejò, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti bá wọn dá ẹgbẹ́ náà. Ó bi wọ́n pé ta ló yàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́fà yìí gbéra lọ sí ààfin àwọn Skrull láti lọ halẹ̀ mọ́ ọba wọn. Àwọn Skrull mú wọn lọ́nà ìpadàbọ̀, wọ́n tú ara wọn yẹ̀wò fínnífínní, inú ara wọn ni wọ́n sì ti kọ́ bí wọn yóò ṣe fara pa mọ́. Àwọn mẹ́fà já àjàbọ́, wọ́n délé, wọ́n pa ẹnu mọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n lọ ló burú jù lójú mi. Olórí lè ṣe àṣìṣe. Ohun tó burú jù ni pé wọ́n padà wálé pẹ̀lú ìmọ̀ pé àwọn ti ta àṣírí ara àwọn láìmọ̀, wọn kò sì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tí àwọn Skrull jí gbé lẹ́yìn náà, ìpanumọ́ yẹn ló kó bá wọn.

Ọgbẹ́ kejì ni ogun abẹ́lé tó wáyé láàárín àwọn akọni ní 2006, ìyẹn Civil War tí Mark Millar kọ. Ìjọba ṣòfin pé kí gbogbo akọni wá forúkọ sílẹ̀. Tony Stark gbè sẹ́yìn òfin, Steve Rogers, Captain America, kọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ kọjú ìjà sí ọ̀rẹ́. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, wọ́n mú Rogers, wọ́n sì yìnbọn pa á lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ ní 2007. Tony di ọ̀gá àgbà S.H.I.E.L.D., àjọ tó ń ṣe àbójútó ètò ààbò. Luke Cage àti àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ ń sá pa mọ́ fún un. Ibi tí wọ́n wà nìyí nígbà tí òkú Elektra, obìnrin kan tó mọ ìjà jù, yí padà di aláwọ̀ ewé níwájú ẹgbẹ́ Luke Cage ní Japan. Wọ́n wo òkú náà, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Spider-Woman, gbé òkú náà lọ fún Tony. Gbogbo ènìyàn rò pé òtítọ́ inú ló mú kó ṣe é. Ọbabìnrin Veranke gan-an ló wà nínú àwọ̀ Spider-Woman. Ó fẹ́ kí Tony rí òkú náà, kí ìfura lè wọ àgọ́ méjèèjì.

Báyìí ni ogun ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ àwọn Skrull kan já lulẹ̀ ní Savage Land, igbó kan ní ìsàlẹ̀ ayé níbi tí àwọn ẹranko àtijọ́ ṣì wà. Tony kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ síbẹ̀, Luke Cage náà kó tirẹ̀ lọ. New York ṣófo. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, àwọn tó jáde sì jọ àwọn akọni fúnra wọn, nínú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń pariwo pé Skrull jí àwọn gbé. Lẹ́ẹ̀kan náà, Jarvis, ìránṣẹ́ ilé tí gbogbo akọni fọkàn tán láti ìgbà pípẹ́, fi fáírọ́ọ̀sì sínú gbogbo ẹ̀rọ tí Tony ṣe. Òun náà Skrull ni. Ọkọ̀ òfurufú ńlá S.H.I.E.L.D. já wá sílẹ̀. Ní yàrá àyẹ̀wò kan, Reed Richards ń yẹ òkú Elektra wò, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu láti sọ pé òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni Hank Pym, akọni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró tì í, fa ohun ìjà kan yọ, ó sì fi ba gbogbo ara rẹ̀ jẹ́. Pym náà kì í ṣe Pym.

Ẹ wò ó, gbogbo ètò ààbò ayé ló wà lórí ẹ̀rọ ẹnì kan ṣoṣo. Ó dà bí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ kan ti gbogbo yàrá ilé, tó wá fi kọ́kọ́rọ́ náà sọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Tony gbọ́n, kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún ọgbọ́n ẹlòmíràn, ọjọ́ tí ọgbọ́n rẹ̀ sì ṣubú, kò sí òmíràn tó dúró.

Nínú apá kẹta, àwòrán kan wà tí mo máa ń wò títí. Tony wà nínú igbó yẹn, ẹ̀wù irin rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, àìsàn sì ti wọ òun fúnra rẹ̀ lára, nítorí pé ó ti so ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ó ń tún irin ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Spider-Woman wọlé tọ̀ ọ́. Kò lù ú. Kò yìnbọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ó sọ fún un pé òun gan-an jẹ́ Skrull tí wọ́n mú kó gbàgbé ara rẹ̀, pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ti jẹ́ délẹ̀: ó ti pín àwọn akọni sí méjì, ó ti gba gbogbo àṣẹ sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ti mú ayé fara sin ẹ̀rọ rẹ̀. Leinil Yu mú ojú àwọn méjèèjì súnmọ́ wa tímọ́tímọ́, òjìji ló kún ibẹ̀. Ẹ óò rí i pé Tony kò rí èsì fọ̀. Irọ́ ni obìnrin náà ń pa pé Skrull ni, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ tó kà sílẹ̀, Tony ló ṣe wọ́n lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí irọ́ náà fi wọ̀ ọ́ lára. Natasha, Black Widow, ló dé tòun tìbọn tó lé obìnrin náà lọ. Ọ̀rẹ́ kan tó mọ̀ ọ́n ló gbà á, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ẹlòmíràn tí ọkàn mi máa ń bàjẹ́ nítorí rẹ̀ ni Clint Barton, ọlọ́fà tí wọ́n ń pè ní Hawkeye. Ìyàwó rẹ̀, Bobbi, ti kú lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn, ó sì rí i tó jáde láti inú ọkọ̀ yẹn. Clint bi í ní ìbéèrè tó jẹ́ pé òun àti rẹ̀ nìkan ló mọ ìdáhùn. Obìnrin náà dáhùn, ó gbà á. Clint gbà á mọ́ra, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ní apá karùn-ún, Reed Richards, tí àwọn Skrull ti mú tẹ́lẹ̀ àmọ́ tó ti já àjàbọ́, dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tú àwọn Skrull fó, ó tàn án sí gbogbo wọn, Bobbi sì yí padà di aláwọ̀ ewé lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìbínú ló ń darí Clint. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ìwé yìí kò gbàgbé ohun tí ìwà àwọn olórí ń ṣe fún ọmọ ẹ̀yìn. Ẹni tí kò sí ní ìpàdé àwọn mẹ́fà ni ẹkún náà wá bá.

Ó yẹ kí n sọ òdodo nípa Veranke náà. Kò rán ẹlòmíràn lọ síbi tí ikú wà. Òun fúnra rẹ̀ ló gba iṣẹ́ tó le jù, ó gbé inú àwọ̀ àjèjì láàárín àwọn ọ̀tá fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ rí ìyẹn, wọ́n sì ṣe tán láti kú fún un. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọlọ́run ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní New York tí kò sí àgbà mọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló kọ́kọ́ dojú kọ ọ̀tá lójú pópó, wọ́n sì ń jẹ ìyà, kí Nick Fury tó yọ. Àgbà jagunjagun ni Fury. Ó ti ń sá pa mọ́, ó sì ti ń kó ọ̀dọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti múra sílẹ̀ fún ọjọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a ré kọjá lọ sí Wakanda, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Ìwé Black Panther 39 dé 41 ni, Jason Aaron ló kọ ọ́, Jefte Palo ló yà á. T'Challa tó kọ ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ ọjọ́sí ni ọba. Àwọn Skrull wá pẹ̀lú ọmọ ogun rẹpẹtẹ, lábẹ́ ọ̀gágun àgbà kan tó ń retí kí èyí jẹ́ ogun ìkẹyìn òun kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá ti borí ẹ̀rọ Wakanda, ó ti bùṣe. Àwọn ará Wakanda sọ ẹ̀rọ tọ̀tún tòsì di òkú irin lójú ogun, ó wá di ti ọ̀kọ̀ àti idà, ojú ko ojú. Ọba wà lójú ìjà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ti wá àwọn amí inú ilé rẹ̀ rí kí ogun tó dé. Kì í ṣe ìtàn tó rọ̀ o. T'Challa kò ṣàánú, òkú pọ̀, n kò sì ní fún ọmọ tí kò tíì tó ọmọ ọdún 15 kà. Ṣùgbọ́n ẹ fi í wé Tony: ọ̀kan gbé ìgbẹ́kẹ̀lé gbogbo ayé lé orí ẹ̀rọ tirẹ̀, èkejì kọ́ ìlú tó lè jà bí ẹ̀rọ kò bá sí.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí èyí. Nínú Captain Britain and MI13, tí Paul Cornell kọ, ọ̀tá wá kó agbára oògùn tó wà nílẹ̀ náà. Captain Britain ti ṣubú, Pete Wisdom, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló kù tí yóò pinnu. Bí ó bá tú gbogbo agbára ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ti dè láti ayébáyé sílẹ̀, yóò borí, àmọ́ ẹ̀mí búburú yóò bá ti rere jáde. Ó tú wọn sílẹ̀. Wọ́n lé Skrull lọ. Kò wá gbé ẹrù náà jù sí orí ẹlòmíràn: òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tún jáde lọ máa dọdẹ àwọn ẹ̀mí búburú tó jáde.

A wá dé Central Park, ní New York, níbi tí gbogbo wọn ti pàdé fún ìjà àjàkẹ́yìn. Thor dé, Captain America tuntun, Bucky Barnes, dé. Fury àti àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ dé, àgọ́ méjèèjì àwọn akọni sì jà pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Janet van Dyne, Wasp, kú níbẹ̀, nítorí pé ọ̀tá ti sọ ara rẹ̀ di ohun ìjà. Clint ta Veranke lọ́fà. Akọni mìíràn, Wolverine, ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni Norman Osborn na ìbọn, ó sì yìn ín sí Veranke lórí. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀.

Ta ni Osborn? Òun ni Green Goblin, ẹni tó fa ikú Gwen Stacy, ọ̀rẹ́bìnrin Spider-Man, nínú ìwé kan ní 1973 tí àwọn àgbà olùka kọ́míìkì kò lè gbàgbé. Ìjọba ló mú un kúrò nínú ìtìmọ́lé tó fi í ṣe ọ̀gá àwọn ọ̀daràn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà rí ìbọn yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọn kò rí ọ̀sán àti òru Fury. Wọn kò rí Reed tó ṣe ẹ̀rọ tó tú ọ̀tá fó. Ààrẹ tú S.H.I.E.L.D. ká, ó lé Tony kúrò, ó sì kó ètò ààbò orílẹ̀-èdè fún Osborn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Osborn pe ìpàdé ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀, Doctor Doom àti Loki, àwọn ọ̀tá akọni, sì wà níbẹ̀. Namor tó ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ náà tún wà níbẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e, nínú Dark Avengers ti 2009, ni kò jẹ́ kí n fi ìwé wọ̀nyí ṣeré. Osborn dá Avengers tirẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé aṣọ Hawkeye wọ apànìyàn kan tó ń jẹ́ Bullseye, ó gbé aṣọ Spider-Man wọ ọ̀daràn mìíràn tó ń jẹ́ Venom, òun fúnra rẹ̀ sì gbé ẹ̀wù irin Tony wọ̀, ó kùn ún ní àwọ̀ àsíá Amẹ́ríkà. Gbogbo ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ogun àwọn tó gbé àwọ̀ akọni wọ̀ ni. Wọ́n ti sunkún, wọ́n ti sìnkú. Kí oṣù tó lọ jìnnà, wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn mìíràn tó gbé aṣọ akọni wọ̀. Ti àkọ́kọ́, wọn kò lè mọ̀, nítorí pé àwọ̀ náà pé. Ti èkejì, ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ àti nínú ìwé ìròyìn. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó ṣì ń dùn mí.

Ó tó ọdún 2010, nínú ìwé Siege, kí Osborn tó tú ara rẹ̀ fó. Ó kó ogun ti Asgard, ìlú Thor, tó wà lókè Broxton ní Oklahoma nígbà náà, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Steve Rogers tó ti padà láti ipò òkú ni wọ́n kó iṣẹ́ náà fún, òfin ìforúkọsílẹ̀ sì di ohun ìgbàgbé.

Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kí ó má fi Secret Invasion bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá Illuminati kà ṣáájú, kí ẹ lè mọ ohun tí àwọn mẹ́fà fi pa mọ́. Lẹ́yìn apá 8, ẹ ka Black Panther 39 dé 41, kí ẹ tó kan Dark Avengers. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè pín kíláàsì sí méjì, kí apá kan gbèjà Tony Stark, kí apá kejì gbèjà Pete Wisdom, kí ẹ sì bi àwọn ọmọ pé, ká ní àwọn ló wà nípò Ààrẹ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ní Central Park, ta ni wọn ì bá fún ní iṣẹ́ náà, kí ni wọn ì bá sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fún un.